Géèmù Inú Ilé Opó

Mo rántí ìgbà tí gbogbo ayé mi kò ju yàrá kan lọ ní Bẹ́yẹrúnkà. Fèrèsé rẹ̀ kọjú sí páànù ilé kejì, páànù tó ti dípẹtà débi pé bí òjò bá rọ̀, omi pupa ló ń ṣàn sílẹ̀ lára rẹ̀. Bí mo bá na ọrùn díẹ̀, mo lè rí òkè Màpó. Bí mo bá nà án jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìyá ọkọ mi á wúkọ́ lẹ́nu ọ̀nà, mo sì mọ ohun tí ikọ́ yẹn ń sọ: opó kì í yọjú lójú fèrèsé. Ariwo Ọjà'ba ń bá mi nínú yàrá láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Mo ń gbọ́ bí àwọn ọlọ́kadà ṣe ń bú ara wọn, mo ń gbọ́ ohùn àwọn oníbàárà mi tí ń kọjá, tí wọ́n ń bi ara wọn léèrè ẹni tí yóò máa bá wọn dirí báyìí. Èmi onídìrí tí ń tún orí ẹlòmíì ṣe, orí tèmi ti rí wúruwùru bí ìtẹ́ ẹyẹ, wọn kò sì jẹ́ kí n fi òòyà kàn án.

Àìsàn ráńpẹ́ ló mú ọkọ mi lọ. Ó kọ́kọ́ ní orí ń fọ́ òun, a rà á lóògùn, ó sùn. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, wọ́n ti ń kírun sí i lára. N kò fẹ́ sọ púpọ̀ lórí ìyẹn, nítorí títí di òní, bí mo bá bẹ̀rẹ̀, n kì í lè parí rẹ̀. Ó dùn mí, ó dùn mí wọ eegun. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni bí ilé ṣe ti ilẹ̀kùn mọ́ mi lẹ́yìn náà.

Ẹ̀sìn ní kí obìnrin tí ọkọ rẹ̀ kú jókòó sílé fún oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá. Ìyẹn kò le lójú mi, ta ni mo fẹ́ lọ kí níta? Èyí tó le ni àṣà tí agbo ilé wa fi lé e lórí. Ní ọjọ́ tí opó bá jáde, wọn á tẹ́ ẹní fún un ní ọ̀ọ̀dẹ̀ àgbà, wọn á to fìlà àwọn ọkùnrin ilé tó lè ṣú u lópó síwájú rẹ̀, yóò sì mú ọ̀kan. Ẹni tó ni fìlà di ọkọ rẹ̀ nìyẹn. Wọn kì í lé ẹni tí kò bá mú. Wọn á bá a gbé ẹrù rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà, wọn á ṣàdúrà fún un, wọn á tilẹ̀ di oúnjẹ fún un. Ọmọ rẹ̀ ni kò ní bá a lọ, ọmọ di ti ilé. Èmi sì bí ọmọbìnrin kan ṣoṣo nígbà náà, ọ̀rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń já gaara lẹ́nu rẹ̀ ni, bí ó bá fẹ́ sùn, etí mi ló máa ń dì mú.

Kò pẹ́ tí mo fi mọ fìlà tí wọn yóò gbé síwájú mi. Àbúrò ọkọ mi kan wà tí kò tíì gbéyàwó. Bí ìyàwó bá wọlé ní ilẹ̀ wa, kò gbọdọ̀ pe orúkọ ẹni tó bá nínú ilé, bó jẹ́ ọmọ ọwọ́ pàápàá, orúkọ tuntun ló ń fún un. Èmi ń pe eléyìí ní Akọ̀wé, nítorí gíláàsì ojú rẹ̀ àti bíìrò tó máa ń há sí etí. Kọ̀ǹpútà ló ń tún ṣe ní Òkè-Àdó. Ọmọlúàbí ni, n kò bá a ṣọ̀tá rárá. Ṣùgbọ́n mo ti bá a jà lórí eegun ìdí ìkòkò, mo ti fọ aṣọ fún un nígbà tó ń ṣàìsàn ibà, àbúrò ni mo fi ṣe látilẹ̀wá, kò sí bí mo ṣe lè wá máa tẹ́ ibùsùn dè é. Mo ránṣẹ́ sí ìyá mi ní Yemetu. Èsì tó padà wá ni pé kí n fara dà á, pé sùúrù ni baba ìwà. Ẹni tí kò sí nínú yàrá ló ń pe sùúrù ní baba.

Ìyá ọkọ mi, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá, ni wọ́n fi tì mí. Ó tẹ́ awọ àgùntàn rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, ó jókòó lé e, ó ń ja tẹ̀súbáà. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí mo bá fẹ́ lọ balùwẹ̀, yóò dìde, yóò tẹ̀ lé mi, yóò dúró títí n ó fi ṣe tán. Mo rò pé ẹ̀ṣọ́ tí wọ́n fi ṣọ́ mi ni. Mo kórìíra ikọ́ rẹ̀ nígbà náà, kí Ọlọ́run foríjì mí.

Báwo ni géèmù ṣe wá wọ ọ̀rọ̀ yìí? Ọkọ mi ló ni ilé géèmù kékeré kan ní Bẹẹrẹ, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń wá gbá bọ́ọ̀lù orí tẹlifíṣọ̀n. Bọ́ọ̀lù ló ń bọ́ wa, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ kì í gbá a. Oríṣi kan wà tó fẹ́ràn: ogun yóò máa wọ́ bọ̀ láti ìkángun kan, ìwọ yóò máa kọ́ ilé ìṣọ́ sí ojú ọ̀nà wọn, àwọn ilé ìṣọ́ náà yóò máa ta wọ́n lọ́fà, kí wọ́n má baà dé ẹnubodè rẹ. Bí wọ́n bá ti wọ bodè, ó parí. Ọmọ Ìbàdàn kúkú ni, ogun kò lè ṣàì wù ú. Mo máa ń pe ẹ̀rọ géèmù náà ní ìyálé mi, nítorí mo bá a nílé ọkọ, ó sì máa ń jókòó tì í ju èmi lọ. Yóò rẹ́rìn-ín, yóò ní ìyálé mi kì í jowú, èmi ìyàwó ni mò ń jowú.

Nígbà tó kú, Akọ̀wé ti ilé géèmù pa, ó gbé ẹ̀rọ kan àti tẹlifíṣọ̀n wá sí yàrá mi kí olè má baà kó wọn. N kò fọwọ́ kàn án ní ìbẹ̀rẹ̀. Mo fi aṣọ bò ó, bí ìgbà tí a bá ń bo dígí nínú ilé ọ̀fọ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí iná dé, tí ọmọ sùn, mo ṣí aṣọ, mo tẹ̀ ẹ́. Ó gbé mi dé ibi tí ọkọ mi ti dáwọ́ dúró. Ilé ìṣọ́ rẹ̀ wà níbẹ̀ bó ṣe tò wọ́n, ọ̀kan kò tíì parí, ogun sì dúró lójú ọ̀nà, wọn kò lọ síwájú, wọn kò padà sẹ́yìn. Mo sunkún títí ọ̀fun mi fi gbẹ. Nígbà tó yá, mo mú páàdì tí wọ́n fi ń darí eré náà, mo ní n ó bá a parí rẹ̀.

Ó di ẹjọ́ o. Àwọn ìyàwó ilé gbọ́ ìró ọfà àti ìbọn nínú yàrá opó, wọ́n gbé e dé etí mọ́gàjí, olórí agbo ilé wa. Mọ́gàjí ránṣẹ́ pe àfáà pé kó wá sọ bóyá ó tọ́ kí opó máa jagun. Àfáà dé, ó jókòó, ó ní kí n ṣe é kí òun rí i. Ó bèèrè bóyá ènìyàn ni mò ń pa. Mo ní rárá, kòkòrò ni wọ́n fi ṣe. Ó wo eré náà títí, ó gbàgbé pé ẹjọ́ ló wá dá, ó nawọ́ sí tẹlifíṣọ̀n pé ọ̀kan ń yọ́ kọjá lápá òsì. Lẹ́yìn náà ó ní ohun tí ẹ̀sìn kọ̀ fún opó ni ọ̀ṣọ́ àti ìta, kò dárúkọ páàdì, ṣùgbọ́n kí n dín ohùn rẹ̀ kù. Bí mo ṣe gba ìwé àṣẹ ogun nìyẹn.

Mẹ́ta ni irú eré yẹn tó wà nínú ẹ̀rọ náà, èdè òyìnbó tí wọ́n fi pè wọ́n kò sì dùn lẹ́nu mi, nítorí náà mo fún wọn lórúkọ bí mo ṣe fún gbogbo ará ilé. Mo pe àkọ́kọ́ ní Ọ̀nà-Kan. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀, ó lọ́ kọ́lọkọ̀lọ láti inú igbó dé bodè, wọ́n sì ti sàmì sí gbogbo ibi tí o lè kọ́lé sí. Ọwọ́ tètè mọ́ ọn, nítorí páàdì kàn ń fò láti àmì dé àmì ni. Àwòrán rẹ̀ rẹwà, ewéko inú rẹ̀ ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tó fi sú mi. Ibi tí wọ́n bá ní kí o dúró lo máa dúró, ohun tí wọ́n bá ní kí o kọ́ lo máa kọ́, gbogbo ọgbọ́n rẹ kò ju kí o yára lọ. Mo ti ń gbé irú ilé bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, n kò nílò rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n.

Èkejì ni mo pè ní Modi-Modi, òun sì ni mo kọ́kọ́ fẹ́ràn jù. Pápá gbalasa ni, kò sí ọ̀nà kankan níbẹ̀. Ìwọ lo máa mọ odi síhìn-ín sọ́hùn-ún, tí ogun yóò máa wá ibi tí wọ́n máa gbà láàárín wọn. Bí o bá mọ̀ ọ́n dáadáa, o lè mú kí wọ́n rìn yí gbogbo pápá ká kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ, ilé ìṣọ́ yóò sì máa ta wọ́n bí wọ́n ṣe ń rìn. Òfin kan ló ní: o kò gbọdọ̀ dí ọ̀nà pátápátá. Bí o bá fẹ́ fi odi tó kù dí i, yóò kọ̀, yóò ké pìì. Àléébù rẹ̀ pọ̀ o. Lẹ́tà rẹ̀ kéré, mo ní láti sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n bí ẹni tó fẹ́ gbóòórùn rẹ̀. Páàdì sì ń wọ́ nínú rẹ̀ bí ìgbín, orí fóònù tí èèyàn ń fi ìka tẹ ibi tó wù ú ni ìbá ti dára jù. Síbẹ̀ n kì í lè fi í sílẹ̀. Mo wò ó pé ọgbọ́n tó yẹ kí n lò fún àwọn àgbà ilé wà nínú rẹ̀.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í mọ odi lóòótọ́. Nígbà tí wọ́n rán ìyálé ilé kan sí mi pé kí n gbà kí wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń ṣe, n kò sọ pé mo kọ̀. Mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ bèèrè lọ́wọ́ àwọn òbí mi. Nígbà tí àwọn òbí mi ní àwọn kò lódì sí i, mo ní ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní Òkè Bọ́lá ni àgbà wa, kí wọ́n lọ rí i. Wọ́n lọ, ó gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀. Mo ní kí àfáà bá mi ṣe ìsìtíkárà, àdúrà wíwá ìtọ́sọ́nà. Ó ṣe é, ó ní òun rí ire. Mo ń fi ọwọ́ pa ara mi lórí pé mo gbọ́n, bẹ́ẹ̀ ẹni tó ń yí ká inú odi mi kò dá ẹsẹ̀ dúró rí, ńṣe ló kàn ń pẹ́ dé. Ọ̀nà tí o fà gùn, ọ̀nà ni. Nígbà tí oṣù kẹta fi máa parí, kò sí ẹni tó kù tí mo lè ní kí wọ́n lọ bi.

Màmá ti ń wo tẹlifíṣọ̀n ní gbogbo àkókò yìí, n kò mọ̀. Ní ọjọ́ kan, láti ẹnu ọ̀nà, ó ní kí ló dé tí n kò kúkú ti ibi yẹn pa kí n sinmi. Mo ṣàlàyé òfin Modi-Modi fún un. Ó rò ó títí, ó ní ta ló ṣe òfin bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ náà ló ti ń sún mọ́ iwájú díẹ̀díẹ̀, títí awọ àgùntàn fi dé ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Ibẹ̀ ló ti sọ fún mi pé nígbà tí bàbá ọkọ mi kú, wọ́n to fìlà síwájú òun náà, fìlà mọ́gàjí tòní sì wà lára wọn, nígbà tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́. Òun fo gbogbo wọn kọjá, òun mú fìlà ọmọ òun, ìyẹn fìlà ọkọ mi, nígbà tó wà ní kékeré. Àṣà gba ìyẹn. Obìnrin tó bá mú fìlà ọmọ rẹ̀ ọkùnrin yóò jókòó ti ọmọ náà nínú ilé, ẹnikẹ́ni kò ní yọ ọ́ lẹ́nu. Inú mi dùn títí tí mo fi rántí ọmọ tèmi. Obìnrin ni, kò ní fìlà. Màmá náà mọ̀, ló bá padà sídìí tẹ̀súbáà rẹ̀.

Eré kẹta ló wá da gbogbo rẹ̀ rú. Mo pè é ní Sọ̀kalẹ̀, nítorí nínú tirẹ̀, o kò ní dúró sókè máa nàka. Ìwọ fúnra rẹ wà nínú pápá, pẹ̀lú òòlù lọ́wọ́, bí o ṣe ń kọ́lé lo ń jà. Ó le jù méjì ìyókù lọ. Bí o bá ń ja lápá ọ̀tún, bodè òsì ti ń já. Ẹni méjì ló yẹ kó máa ta á, páàdì méjì sì wà nínú ẹrù ọkọ mi. Akọ̀wé bá mi nídìí rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tó wá kí ìyá rẹ̀ lẹ́yìn ìrun Aláásárì. Ogun inú eré ti ń fìyà jẹ mí. Ó jókòó sí ẹ̀yìn Màmá, ó mú páàdì kejì, ó sáré lọ dí bodè òsì. Láti ìgbà náà, ó ń wá. Màmá wà láàárín wa bí ògiri, a sì ń ta á kọjá lórí rẹ̀, òun náà ń pàṣẹ fún wa pé kí ẹnìkan lọ ẹ̀yìn. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ ìsìnkú, mo rẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín sókè.

Ẹ̀rín yẹn ló kó bá mi. Àwọn àgbà tó ń ṣe wúrìdí, ìrántí Ọlọ́run ìrọ̀lẹ́, ní ọ̀ọ̀dẹ̀ gbọ́ ọ, wọ́n gbọ́ tirẹ̀ náà, wọ́n sì wo ara wọn. Lójú tiwọn, kí ni opó àti ẹni tí yóò ṣú u yóò máa fi rẹ́rìn-ín bí kì í bá ṣe pé wọ́n ti gbọ́ ara wọn yé? Mọ́gàjí ránṣẹ́ pé òun kò ní dààmú mi mọ́, pé òun ti gbọ́ èsì mi láti inú yàrá. Ó ra Kùránì tuntun fún yìgì, ó ní àwọn fìlà yòókù kò wúlò, ẹyọ kan ni òun yóò gbé sílẹ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí dé ọ̀dọ̀ wa, a gbé páàdì sílẹ̀. Akọ̀wé bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó ń nù ún ṣáá.

Mo ní, "Akọ̀wé, ṣé ẹ fẹ́ mi ni?"

Ó ní, "Ìyàwó, olùkọ́ kan wà ní Òkè-Àdó, a ti ń fẹ́ra bọ̀ tipẹ́. Mi ò tíì lè sọ ọ́ nílé. Mọ́gàjí ló tọ́ mi. Ẹnu wo ni n ó fi ní mi ò ṣe?"

Màmá wà láàárín wa, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Èmi tí mo ti ń ka Akọ̀wé mọ́ ogun tó ń bọ̀ wá ká mi mọ́ bodè! Ẹni tí wọ́n ń tì láti ẹ̀yìn ni. Ó sọ fún mi pé òun ń wá ta géèmù nínú yàrá mi kí òun má baà jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń kí òun kú oríire. A kò ta á pọ̀ mọ́ lẹ́yìn ìyẹn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti bọ́ sórí. Àwọn ìyàwó ilé ti ń bi mí irú oúnjẹ tí n ó kọ́kọ́ sè fún ọkọ tuntun. Mo ń dì mọ́ ọmọ mi, n kò mọ ọ̀nà tí mo lè gbà. Bí mo bá mú fìlà, mo so ara mi mọ́ ẹni tí kò fẹ́ mi, tí èmi náà kò fẹ́. Bí n kò bá mú un, etí ta ni ọmọ mi yóò dì mú sùn?

Ọjọ́ pé. Wọ́n wẹ̀ mí, wọ́n tú irun mi, wọ́n wọ aṣọ mímọ́ fún mi, wọ́n mú mi lọ sí ọ̀ọ̀dẹ̀ àgbà. Àwọn ọkùnrin jókòó lápá kan, àwọn obìnrin lápá kejì, Màmá gbé ọmọ mi lé ẹsẹ̀. Àfáà ṣàdúrà, a ṣe àmín. Mọ́gàjí wá gbé fìlà kan sórí ẹní níwájú mi. Fìlà Akọ̀wé ni, aláwọ̀ eérú, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀ ọ́. Mo wo Akọ̀wé, ilẹ̀ ló ń wò. Mo rò ó pé ó yẹ kí n tún bèèrè nǹkan kan, kí n tún rán wọn lọ síbì kan, ṣùgbọ́n kò sí ibì kankan tó kù. Mo mú fìlà náà.

Àwọn ìyàwó ilé pàtẹ́wọ́, ẹnìkan ti dá orin. Mo dìde, mo rìn kọjá láàárín àwọn àgbà, mo kúnlẹ̀ níwájú Akọ̀wé, mo sì fi fìlà rẹ̀ dé e lórí. Mo ní, "Ẹ gba fìlà yín. Ẹ kò ṣẹ̀ mí. Mi ò kàn lè fẹ́ yín ni." Orin dákẹ́. Akọ̀wé fọwọ́ kan fìlà náà lórí rẹ̀ bí ẹni tí kò gbà pé tòun ni. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀ níṣojú gbogbo ọkùnrin ilé.

Mọ́gàjí kò bínú, ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù. Ó ní àwọn ti gbọ́, kí àwọn obìnrin lọ bá mi di ẹrù mi, kí ọmọ dúró. Mo yíjú sí ọmọ mi. Ìgbà náà ni mo rí i pé Màmá ti gbé e sílẹ̀, ó ń tú ìborùn rẹ̀. Màmá, Hájíà tí ẹnikẹ́ni kò rí irun rẹ̀ rí nínú ilé yẹn tú ìborùn rẹ̀ lójú gbogbo wọn, orí rẹ̀ funfun báláú, ó dìde, ó tẹ́ ẹ sórí ẹní níbi tí fìlà wà. Àwọn àgbà ọkùnrin gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ó ní, "Àṣà ní kó mú ẹnìkan nínú ilé yìí. Èmi náà wà nínú ilé yìí. Kó mú èmi."

Mọ́gàjí ní, "Ìyá, obìnrin kì í ṣú opó."

"Mi ò ní mo fẹ́ fi í ṣaya. Mo ti darúgbó, mo fẹ́ ẹni tí yóò máa pọn omi fún mi. Ọmọ yìí sì fẹ́ ìyá rẹ̀. Ẹ̀yin náà gbé fìlà yín síwájú mi lórí irú ẹní yìí, mo fò ó kọjá. Ṣé mo kúrò nílé?"

Ẹnìkan wúkọ́ láti fi bo ẹ̀rín. Mọ́gàjí wo ilẹ̀, ó wo àfáà. Àfáà ní ohun tí ẹ̀sìn wí kò pọ̀, pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ipá fún obìnrin lọ́kọ, ìyókù jẹ́ àṣà wọn, kí wọ́n yanjú rẹ̀ láàárín ara wọn. Gbólóhùn kan ni mọ́gàjí sọ: kí n mú un. Mo mú ìborùn náà, ó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́, òórùn àdín àti tùràrí wà lára rẹ̀. Kò sí èyí tó kọ́ mi ní irú rẹ̀ nínú eré mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, èmi tí mo rò pé mo ti di balógun.

Akọ̀wé fẹ́ olùkọ́ rẹ̀, èmi ni mo dirí ìyàwó. Mo tún ṣọ́ọ̀bù ìdirí mi ṣí ní Bẹẹrẹ. Ọmọ mi ti wọ ilé ìwé gírámà báyìí, ó ti ga jù mí lọ, kì í sì í jẹ́ kí n fọwọ́ kan irun òun. Àwọn ènìyàn máa ń sọ ìtàn ọjọ́ yẹn bí ẹni pé mo ṣẹ́gun. Bóyá mo ṣẹ́gun. Ṣùgbọ́n ọkùnrin kan wá láti Òkè Bọ́lá lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ó ṣe jẹ́jẹ́, ó mọ̀ ọ́n sọ, ọkàn mi sì fà sí i. Ó fẹ́ kí n wá máa gbé lọ́dọ̀ òun. Nígbà náà ni ẹsẹ̀ Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í wú, kò lè dá rìn mọ́. Mo rò ó síwá, mo rò ó sẹ́yìn, mo ní kí ọkùnrin náà má ṣe dúró dè mí. Wọ́n kò ti ilẹ̀kùn kankan mọ́ mi nígbà yẹn. Síbẹ̀, ní àwọn ìrọ̀lẹ́ kan, tí mo bá gbọ́ tí àwọn ènìyàn ń rẹ́rìn-ín kọjá lọ sí Màpó, yàrá náà máa ń há mọ́ mi lára, n kì í sì í rí ẹni tí n ó bá bínú.

Láìpẹ́ yìí, mò ń fi òrí pa ẹsẹ̀ fún Màmá, ló bá bi mí bóyá mo kábàámọ̀ pé òun ni mo mú. Mo ní rárá o. Ó ní kí n má purọ́ fún òun. Mo wá sọ òótọ́ fún un, pé àwọn ọjọ́ kan wà tí mò ń kábàámọ̀, pé wọn kò pọ̀. Ó mi orí, ó na ẹsẹ̀ kejì sí mi.